Ta Ni A Ṣẹ̀, Ta Ló Dárí Jì? Ìdáríjì Ààrẹ àti Ìjíhìn Àwọn Aláṣẹ

Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 fi agbára kan lé olórí orílẹ̀-èdè lọ́wọ́ tí adájọ́ kankan kò ní irú rẹ̀, bó ti wù kí adájọ́ náà ga tó: agbára láti na ọwọ́ àánú sí ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi, kí ó sì pa ìyà rẹ̀ rẹ́. Abala 175 nínú ìwé òfin náà ló gbé agbára yìí fún ààrẹ, abala 212 sì gbé irú rẹ̀ fún gómìnà ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lórí àwọn ẹ̀ṣẹ̀ tó ta ko òfin ìpínlẹ̀ rẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba alágbádá ti padà dé ni agbára yìí ti ń dá awuyewuye sílẹ̀, nítorí pé orúkọ àwọn tó ti di ipò ńlá mú rí ń yọjú lemọ́lemọ́ láàárín orúkọ àwọn tí a ṣàánú fún. Ọ̀rọ̀ náà kan ará Olúpọ̀nnà, létí Ìwó ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, bó ti kan ará Àbújá, nítorí pé owó tí irú aláṣẹ bẹ́ẹ̀ jẹ kì í ṣe owó ààrẹ tó ń dárí jì í; owó ìlú ni, ìlú sì ni ẹni tí a ṣẹ̀.

Ohun tí òfin pè ní ìdáríjì

Ọ̀nà mẹ́rin ni abala 175 là sílẹ̀ fún ààrẹ. Ó lè dárí ji ènìyàn pátápátá, yálà lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí pẹ̀lú àdéhùn. Ó lè dá ìyà dúró fún ìgbà kan. Ó lè fi ìyà tó fúyẹ́ rọ́pò èyí tó wúwo, bí ìgbà tí a bá sọ ìdájọ́ ikú di ẹ̀wọ̀n. Ó sì lè yọ ìyà, owó ìtanràn tàbí dúkìá tí ilé ẹjọ́ ní kí ìjọba gbà, kúrò lápá kan tàbí lódindi. Ọ̀nà kẹrin yìí ló yẹ kí òǹkàwé fi ọkàn sí jùlọ, nítorí ó fi hàn pé agbára náà kò dúró sí ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n nìkan, ó nasẹ̀ dé ọ̀rọ̀ owó pẹ̀lú. Òfin náà kò sì sọ pé dandan ni kí ilé ẹjọ́ ti dájọ́ tán, nítorí ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ kan kàn àti ẹni tí a ti dá lẹ́bi ni ó jọ dárúkọ. Abala 36 sì fi kún un pé ẹni tó bá ti rí ìdáríjì gbà lórí ẹ̀ṣẹ̀ kan, a kò gbọdọ̀ tún gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ lórí ẹ̀ṣẹ̀ náà mọ́.

Kí ààrẹ tó lo agbára yìí, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ lọ Ìgbìmọ̀ Àgbà Orílẹ̀-èdè. Àwọn tó wà nínú ìgbìmọ̀ yìí ni ààrẹ àti igbákejì rẹ̀, gbogbo àwọn tó ti ṣe olórí orílẹ̀-èdè rí, àwọn tó ti jẹ́ adájọ́ àgbà, olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin méjèèjì, gbogbo gómìnà, àti mínísítà ètò ìdájọ́. Lórí ẹjọ́ àwọn ológun, òfin ní kí ààrẹ tẹ̀ lé ìmọ̀ràn ìgbìmọ̀ náà. Lórí ẹjọ́ àwọn ará ìlú, kí ó sáà ti fi ọ̀rọ̀ lọ̀ wọ́n ni. Ẹni tó bá wo àwọn ìjókòó inú ìgbìmọ̀ náà dáadáa yóò rí i pé àwọn tó ti wà nípò tàbí tó ṣì wà nípò ló pọ̀ jù níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn tó wà nípò yìí kan náà ni wọ́n máa ń gbé ẹjọ́ ẹlẹgbẹ́ wọn wá síwájú wọn.

Ó yẹ kí a ya ìdáríjì sọ́tọ̀ kúrò lára ìdáláre. Ẹni tí ilé ẹjọ́ dá láre kò jẹ̀bi. Ẹni tí a dárí jì jẹ̀bi, àánú ni ó rí gbà. Olóyè Ọlábọ̀dé George, tó ti ṣe alága àjọ tó ń bójú tó èbúté ọkọ̀ ojú omi, ni ilé ẹjọ́ gíga ní Èkó dá lẹ́bi ní Oṣù Kẹwàá ọdún 2009, ó sì ṣe ẹ̀wọ̀n tirẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n ní Oṣù Kejìlá ọdún 2013, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ wọ́gi lé ìdájọ́ náà, ó sì dá a láre, láìsí pé ààrẹ kankan dárí ohunkóhun jì í. Ní orílẹ̀-èdè Gánà, Tsatsu Tsikata, tó ti darí iléeṣẹ́ epo rọ̀bì ìjọba, gba ẹ̀wọ̀n ọdún 5 ní 2008 lórí ẹ̀sùn pé ó mú kí ìjọba pàdánù owó. Nígbà tí Ààrẹ John Kufuor fẹ́ kúrò lórí oyè ní Oṣù Kìíní ọdún 2009, ó dárí jì í, ṣùgbọ́n Tsikata kọ̀ ọ́, ó ní ilé ẹjọ́ ni òun fẹ́ kí ó sọ pé òun kò jẹ̀bi. Ọdún 2016 ni ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó dá a láre. Ọkùnrin náà mọ̀ pé bí òun bá fi ọwọ́ méjèèjì gba àánú, òun ti fi ẹnu ara òun gba ẹ̀bi.

Ibi tí agbára náà ti ṣàn wá

Lọ́dọ̀ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni agbára yìí ti wá. Ní orúkọ ọba ni wọ́n ń dájọ́ nílùú wọn, nítorí náà ọba náà ló lè pa ìyà rẹ́. Nígbà tí àwọn òyìnbó wá ṣàkóso ilẹ̀ yìí, wọ́n gbé agbára ọba wọn fún gómìnà wọn, òmìnira sì gbé e lé àwọn olórí tiwa lọ́wọ́. Yorùbá náà mọ irú agbára bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀ a máa wá àgbààgbà tí yóò bá a bẹ ọba, ọba tó bá sì gbẹ̀bẹ̀ ni a ń yìn. Ṣùgbọ́n ọba tí a ń kí ní Kábíyèsí, tí a ń sọ pé kò sí ẹni tó lè bi í, ní àwọn tí ń bi í: ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, bí ọba bá tàpá sí ìlú, àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì, tí Baṣọ̀run jẹ́ olórí wọn, lè kọ̀ ọ́, èyí tí a mọ̀ sí ṣíṣí igbá wò. Àánú ọba wà, ìjíhìn ọba náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Kò sì sí iyèméjì pé ìdáríjì ti ṣe ìlú lóore. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí ilé ẹjọ́ rán lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ní 1963 lórí ẹ̀sùn pé ó fẹ́ dojú ìjọba bolẹ̀, rí ìtúsílẹ̀ àti ìdáríjì gbà lọ́wọ́ Yakubu Gowon ní Oṣù Kẹjọ ọdún 1966, ní àkókò tí orílẹ̀-èdè ń wá ẹni tí yóò bá a di ìdí rẹ̀ mú. Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ pẹ̀lú, tí ìjọba Sani Abacha fi sẹ́wọ̀n ní 1995 nítorí ìdìtẹ̀ kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé kò ṣẹlẹ̀, gba òmìnira àti ìdáríjì lọ́wọ́ Abdulsalami Abubakar ní 1998. Nígbà tí Olóyè Olú Fálaè pe ẹjọ́ lẹ́yìn ìbò ọdún 1999, tó sọ pé ẹni tí a ti dá lẹ́bi kò yẹ lẹ́ni tí ń díje, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dáhùn pé ẹni tí a dárí jì pátápátá ti di ènìyàn tuntun lójú òfin. Yorùbá ní bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kò ní rí ẹni bá ṣeré, ìdájọ́ yìí sì bá òwe náà mu nígbà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àná náà jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣèlú. Ohun tó yẹ kí a bèèrè ni bóyá ọ̀rọ̀ kan náà ni, bí ọ̀rọ̀ àná bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àpò ìjọba.

Ọ̀gá àti igbákejì rẹ̀

Diepreye Alamieyeseigha ni gómìnà Ìpínlẹ̀ Bayelsa láti 1999, Goodluck Jonathan sì ni igbákejì rẹ̀. Ní Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2005, àwọn ọlọ́pàá mú gómìnà náà ní Lọ́ńdọ̀nù lórí ẹ̀sùn pé ó ń fi owó ìlú pamọ́ sókè òkun, wọ́n sì bá owó tó súnmọ́ mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn ní ilé rẹ̀. Ilé ẹjọ́ gba onídùúró rẹ̀, ṣùgbọ́n ó sá padà wá sí Nàìjíríà, níbi tí abala 308 ìwé òfin ti ń dáàbò bò ó. Abala yìí ni àwọn ènìyàn ń pè ní ìmúnítì: ó sọ pé bí ààrẹ, gómìnà àti àwọn igbákejì wọn bá ṣì wà lórí oyè, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú wọn tàbí gbé wọn lọ sí ilé ẹjọ́. Ààbò náà já nígbà tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Bayelsa yọ ọ́ nípò ní Oṣù Kejìlá ọdún náà, Jonathan sì bọ́ sórí àga rẹ̀.

Ní Oṣù Keje ọdún 2007, Alamieyeseigha gbà níwájú adájọ́ pé òun jẹ̀bi ẹ̀sùn mẹ́fà. Ẹ̀wọ̀n ọdún méjì ni adájọ́ fún un lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ó ní kí gbogbo rẹ̀ máa lọ pọ̀, kí a sì kà á láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú un, nítorí náà kò pẹ́ tó fi padà sílé. Nígbà tó di Oṣù Kẹta ọdún 2013, Jonathan tó ti jẹ́ igbákejì rẹ̀ ti di ààrẹ, ó sì kó orúkọ ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ lọ síwájú Ìgbìmọ̀ Àgbà, ó dárí jì í. Agbẹnusọ ìjọba, Dóyìn Òkupè, ní ọkùnrin náà ti kábàámọ̀ àti pé ó ti ṣe gudugudu méje láti mú kí àlàáfíà jọba ní agbègbè Niger Delta. Ìjọba Amẹ́ríkà ní tirẹ̀ sọ ọ́ síta pé ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ òun nínú.

Ohun méjì ló farahàn nínú ìdáríjì yìí tí yóò tún farahàn lẹ́yìn rẹ̀. Èkínní ni pé ẹni tó ń dárí jì kì í ṣe àjèjì sí ẹni tí a ń dárí jì, nítorí ẹni tó gun orí àga nípasẹ̀ ẹnìkan kò lè gbé òṣùwọ̀n rẹ̀ láìgbọ̀n. Èkejì ni pé ìwé kan náà ló kó oríṣiríṣi orúkọ pọ̀: Ọládípọ̀ Dìyà àti Abdulkareem Àdìsá, tí ìjọba Abacha dájọ́ ikú fún nítorí ẹ̀sùn ìdìtẹ̀, wà nínú rẹ̀, Shehu Musa Yar'Adua tó kú sẹ́wọ̀n pẹ̀lú wà nínú rẹ̀. Ẹni tí inú rẹ̀ dùn sí orúkọ Dìyà kò ní ọ̀nà láti ya orúkọ Alamieyeseigha kúrò níbẹ̀, nítorí ìgbìmọ̀ kò gbé e wá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Owó àgbàrá

Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 14 Oṣù Kẹrin ọdún 2022, Ìgbìmọ̀ Àgbà fi ọwọ́ sí àánú fún àwọn ènìyàn 159 lábẹ́ Ààrẹ Muhammadu Buhari, ẹni tó ṣèlérí fún àwọn olùdìbò pé òun yóò gbógun ti ìwà jẹgúdújẹrá. Jolly Nyame, gómìnà Taraba láti 1999 dé 2007, àti Joshua Dariye, gómìnà Plateau láàárín ọdún kan náà, wà nínú wọn. Adájọ́ kan náà, Adébùkọ́lá Bánjokò ti ilé ẹjọ́ gíga Àbújá, ló rán àwọn méjèèjì lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ní 2018. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dín ti Nyame kù sí ọdún 12 àti ti Dariye sí 10, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ sì fìdí ẹ̀bi méjèèjì múlẹ̀. Ìjọba ní ọjọ́ orí wọn àti àìlera ni ó mú kí wọ́n rí àánú gbà.

Owó tí ẹjọ́ Dariye dá lé, tó jẹ́ nǹkan bíi bílíọ̀nù náírà 1.16, yẹ ní ohun tí a ń gbé yẹ̀ wò fínnífínní. Owó àyíká ni wọ́n ń pè é, ìyẹn owó tí ìjọba àpapọ̀ yà sọ́tọ̀ láti fi kojú àgbàrá, omíyalé àti aginjù tó ń gbòòrò. Ní Olúpọ̀nnà, bí ó ti rí ní ìlú púpọ̀ ní agbègbè Ìwó, kò sí ẹni tí a ń ṣàlàyé fún kí ó tó mọ ohun tí àgbàrá ń ṣe: òjò kan ṣoṣo á wọ́ iyanrìn ojú ọ̀nà lọ, èkejì á sọ ojú ọ̀nà náà di kòtò, ẹ̀kẹta á bẹ̀rẹ̀ sí í hú ìpìlẹ̀ ilé jáde, onílé á sì máa fi òkúta àti àpò iyanrìn dí i fúnra rẹ̀. Owó tí ìjọba bá ní kí wọ́n fi dí irú kòtò bẹ́ẹ̀ ní Plateau ni adájọ́ sọ pé gómìnà darí gba ibòmíràn. Nítorí náà, ẹni tí Dariye ṣẹ̀ ní ojú àti orúkọ. Onílé tó ń fi òkúta dí àgbàrá ni.

Ó tọ́ kí a ṣírò ọdún náà pẹ̀lú. Ìmúnítì kò jẹ́ kí a gbé wọn lọ sí ilé ẹjọ́ títí wọ́n fi kúrò lórí oyè ní 2007. Ó gba ọdún 11 mìíràn kí ìdájọ́ tó wáyé. Kò sì ju ọdún mẹ́rin lọ lẹ́yìn ìyẹn tí ìdáríjì fi dé. Yorùbá ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, a fi tòsì fà á mọ́ra, ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ pé ọwọ́ òsì ni kí ó di ọ̀tún mú nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ lára ọmọ.

Adìyẹ àti àpò ìjọba

Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ ti rí ojú kejì agbára yìí. Ní 2010, àwọn ọlọ́pàá mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Ọ̀yán, ní ìjọba ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn, ọmọ ọdún 17 ni àwọn òbí rẹ̀ sì sọ pé ó jẹ́ nígbà náà. Ẹ̀sùn ìdigunjalè ni wọ́n fi kàn án, adìyẹ àti ẹyin sì wà lára ohun tí wọ́n ní ó jí. Ní 2014, ilé ẹjọ́ gíga dájọ́ ikú fún un, ó sì wà lẹ́wọ̀n títí di òpin ọdún 2024, nígbà tí igbe àwọn òbí rẹ̀ dé etí gbogbo ìlú. Gómìnà Adémọ́lá Adélékè pàṣẹ pé kí wọ́n tọpinpin ọ̀rọ̀ náà, kò sì pẹ́ tó fi lo agbára abala 212 láti ṣàánú fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n 53, tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà wà nínú wọn. Irú èyí gan-an ni àwọn tó kọ òfin náà ní lọ́kàn, pé bí òfin bá le ju bó ti yẹ lọ, kí ẹnìkan wà tó lè dẹ̀ ẹ́. Agbára tó yọ ọmọ yìí kúrò lábẹ́ okùn ìyẹgi náà ni ó yọ àwọn gómìnà méjì kúrò nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n Kuje. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ọdún mẹ́wàá ni ọmọ náà kò fi rí ẹni tí yóò gbé orúkọ rẹ̀ dé iwájú aláṣẹ.

Nígbà tí ìlú fọhùn

Ní Oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde àánú fún àwọn ènìyàn 175. Herbert Macaulay, tí ìjọba àmúnisìn rán lọ sí ẹ̀wọ̀n ní 1913, wà nínú àkójọ náà ní ọdún 112 lẹ́yìn ìdájọ́ rẹ̀. Farouk Lawan, ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣojúṣòfin nígbà kan rí, wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹni tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi ní 2021 pé ó gba rìbá dọ́là 500,000 nígbà tó ń ṣe alága ìwádìí lórí owó ìrànwọ́ epo. Ọ̀pọ̀ àwọn tó kù jẹ́ ẹni tí a ti dá lẹ́bi lórí òògùn olóró àti ẹ̀ṣẹ̀ ńláńlá mìíràn. Igbe ta káàkiri, mínísítà ètò ìdájọ́, Lateef Fágbèmí, sì ṣàlàyé pé ẹnikẹ́ni kò tíì jáde. Nígbà tí oṣù náà yóò fi parí, ìjọba ti yọ orúkọ púpọ̀ kúrò, ó ku 120; ìdáríjì pátápátá tí wọ́n kọ́kọ́ fún obìnrin kan tí ilé ẹjọ́ dájọ́ ikú fún nítorí ikú ọkọ rẹ̀ di ẹ̀wọ̀n ọdún 12; ààrẹ sì pàṣẹ pé kí ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ tó ń gba òun nímọ̀ràn lórí àánú kó lọ sí iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́.

Èyí kọ́ ìlú ní ẹ̀kọ́ kan: ààrẹ kò fi dandan jẹ́ ẹni tí a kò lè bi. Bí àwọn ará ìlú bá rí orúkọ kí ọ̀rọ̀ tó bọ́ sórí, wọ́n lè bèèrè, ìbéèrè wọn sì lè yí àkójọ náà padà. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn tó sọ̀rọ̀ sọ ọ́ lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ ti fọwọ́ sí i tán. Kò sí ohun tó ní kí ìgbìmọ̀ bi ará ìlú ṣáájú.

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ni aláṣẹ ti ń dárí ji ẹni tó súnmọ́ ọn. Ní Amẹ́ríkà, Gerald Ford dárí ji Richard Nixon ní Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1974 kí ilé ẹjọ́ kankan tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ Nixon ló fi í ṣe igbákejì ààrẹ. Ní Oṣù Kejìlá ọdún 2024, Joe Biden dárí ji ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀. Ibi gbogbo tí agbára yìí bá wà láìsí òdiwọ̀n, ẹni tó súnmọ́ àga ni ó kọ́kọ́ ń rí ojú rere rẹ̀.

Bí alájọ bá jẹ owó àjọ

Ará Olúpọ̀nnà kò nílò ìwé òfin kí ó tó mọ bó ti yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí rí, nítorí wọ́n ń dá àjọ. Olówò kọ̀ọ̀kan ń san iye tirẹ̀ lójoojúmọ́, alájọ ń fi àmì sí káàdì rẹ̀, nígbà tí oṣù bá sì parí, kóówá yóò gba owó rẹ̀. Bí alájọ bá jẹ owó náà, àgbààgbà lè bá a bẹ̀bẹ̀, ẹ̀bẹ̀ náà sì lè wọlé, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò ní jẹ́ kí àgbà àdúgbò sọ pé òun ti dárí jì í, nígbà tí àgbà náà kò ní káàdì kankan. Káàdì ni wọ́n yóò kọ́kọ́ kó jáde: èló ni ó jẹ, èló ni ó ti san padà, ìgbà wo ni yóò san èyí tó kù. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀bẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ìdáríjì àwọn aláṣẹ ń fẹ́ kò ju ìlànà àjọ yìí lọ. Kí ìgbìmọ̀ gbé orúkọ jáde síta pẹ̀lú ìdí rẹ̀, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ní ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kí ó tó jókòó lé e lórí. Kí ẹni tí ẹ̀bi rẹ̀ jẹ mọ́ owó ìlú má ṣe rí àánú gbà títí a ó fi ka iye tó dá padà sétí ìlú. Kí ààrẹ tó bá ẹnì kan ṣiṣẹ́ rí yẹra kúrò nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, bí adájọ́ ti ń yẹra nínú ẹjọ́ ìbátan rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kò gba agbára àánú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, wọn kò sì ní dènà irú ọmọ Ọ̀yán yẹn; àwọn tó ní káàdì lọ́wọ́ ni wọ́n ń dá padà sínú ìjókòó.